Fáàrì Tí Kò Ní Mọ́tò

Ọjọ́ Jímọ̀ kan lẹ́yìn ìkórè iṣu, lọ́dún 1972, ni Bùràímọ̀ ọmọ Kambolé gbé agbádá àrán wọ̀, ó lọ tọrọ Sàfúrátù lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ní àdúgbò Komah, ní Sokodé, ní ilẹ̀ Tógò. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ṣoṣo ni bàbá náà, Àlájì Àlíù, ní, ṣùgbọ́n bí ó bá ń sọ̀rọ̀, ẹ ó rò pé òun ló ni ọ̀nà Lomé.

"Iṣẹ́ wo lò ń ṣe ní Lomé?"

"Mò ń ṣọ́ fáàrì, Bàbá."

Gbogbo àgbà orí ẹní yíjú sí i. Iná iwájú mọ́tò ni wọ́n ń pè ní fáàrì ní Sokodé. Àlájì ti dé Mẹ́kà, ṣùgbọ́n kò dé etí òkun rí.

"Méjì ló wà lára mọ́tò tèmi," ni Àlájì wí, "ajá kò ṣọ́ wọn rí. Ṣé ọmọ mi ni yóò wá bá ọ ṣọ́ ọ?"

Bùràímọ̀ ṣàlàyé pé ilé gogoro kan wà létí òkun tí wọ́n ń pè ní fáàrì ní Lomé, iná ń yí lórí rẹ̀, òun ni ọkọ̀ ojú omi fi ń mọ ibi tí ilẹ̀ wà. Bí iná náà bá kú, ọkọ̀ á forí sọ iyanrìn. Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. Àlájì kì í gba ohun tí kò rí gbọ́, àfi èyí tí ìjọba bá sọ lórí rédíò. Ó rán Yàhàyá, awakọ̀ rẹ̀, lọ wò ó.

"Bó bá jẹ́ irọ́," ni ó wí fún Bùràímọ̀, "kí o gbàgbé ọmọ mi."

Ní ọjọ́ kẹjọ, Yàhàyá dé.

"Àlájì, òótọ́ ni o. Fáàrì náà ga ju gogoro mọ́sáláṣí wa lọ. Àmọ́ mo wá mọ́tò ẹ̀ títí, mi ò rí i."

Ojú Àlájì tàn. "Bí fáàrì bá tó báyìí, báwo ni mọ́tò náà yóò ti tó? Ẹ bá mi pe lèmọ́mù!"

Bùràímọ̀ kò tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ta ni yóò tún un ṣe?

Nígbà tó yá, àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní Lomé gbé ẹ̀rọ tó ń tan iná náà fúnra rẹ̀ dé. Wọ́n fi Faransé dúpẹ́ lọ́wọ́ Bùràímọ̀, ó sì padà sídìí ebè iṣu ní Kambolé. Àlájì kò yé béèrè mọ́tò.

Lọ́jọ́ tí àwọn èèyàn ńlá ìjọba wá sí Sokodé, wọ́n ti ọjà pa, wọ́n to aráàlú sínú oòrùn kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́. Ọ̀wọ́ mọ́tò ń kọjá, fáàrì wọn ń tàn lọ́sàn-án gangan. Àlájì, tí ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, di ọwọ́ àna rẹ̀, tó bá Sàfúrátù wá kí i, mú.

"Bùràímọ̀! Ṣé mọ́tò rẹ ló dé yìí?"

"Rárá, Bàbá. Tèmi kì í kúrò lójú kan, àwọn tó ń kọjá ló ń tàn fún. Àwọn wọ̀nyí ló ń kọjá, ara wọn ni wọ́n ń tàn fún."

Sàfúrátù tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ará ìjọba má bàa gbọ́.

"Pàtẹ́wọ́," ló wí.

Ó pàtẹ́wọ́.