Ẹsẹ̀ Tí Jaredi Fọ̀

Ọlọ́run tó dá ojú ọ̀nà náà ló dá ilé tó wà lẹ́bàá rẹ̀. Òjò kan náà ló sì ń rọ̀ sórí méjèèjì. Láyé ìgbà tí ìjọ Mọ́mọ́nì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ojú ọ̀nà ni òjò sábà máa ń ká àwọn oníwàásù wọn mọ́, nítorí wọ́n ń jáde láìmú owó tàbí oúnjẹ dání, wọn a sì sùn síbi tí wọ́n bá ti gbà wọ́n.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, láàárín àwọn òkè Kẹ́ńtọ́kì, Alàgbà Asaheli àti Jaredi, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tó ń kọ́ iṣẹ́ ìwàásù lọ́dọ̀ rẹ̀, dé iwájú ilé onípákó kan. Asaheli wà lára àwọn aṣáájú ìjọ náà. Ó ti rìn títí bàtà rẹ̀ fi lu, ibà sì ń gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì. Jaredi mọ̀ pé bí ilẹ̀ bá ṣú bá bàbá náà nínú òjò yìí, ó lè má rí òwúrọ̀. Gbogbo ilé tí wọ́n kàn láti àárọ̀ ló ti lé wọn.

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Ketura ṣílẹ̀kùn díẹ̀. Ó wo àgbàlagbà náà láti òkè délẹ̀. "Ẹ má wọlé o!" ó wí, ó sì pa ilẹ̀kùn dé gbàgà.

Ara Jaredi gbóná. "Alàgbà, ó tó gẹ́ẹ́! Ẹ jẹ́ kí n fọ ẹsẹ̀ mi lòdì sí ilé yìí."

Ohun tí wọ́n fi ń jẹ́rìí níwájú Ọlọ́run lòdì sí ẹni tó bá kọ̀ wọ́n nìyẹn, kí ìdájọ́ lè dé bá a.

"A kì í fi ìbínú ṣe é, ọmọ mi," ni Asaheli wí, pẹ̀lú ohùn ẹni tó ti rẹ̀. "Jẹ́ ká sinmi díẹ̀ ná."

"Sinmi kẹ̀? Nínú òjò?" Jaredi ti ń bọ́ bàtà. Ó sọ̀kalẹ̀ sínú odò tó ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, ó fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ké pe ìdájọ́ Olúwa sórí ilé náà.

Nígbà tó gbójú sókè, Ketura ló rí. Ẹ̀yìnkùlé ló gbà yọ, pẹ̀lú kúbùsù lápá àti wàrà gbígbóná lọ́wọ́.

"Ìwọ ọmọ yìí, ilé mi lo fà lé ìdájọ́ lọ́wọ́ yẹn? Àrùn tó ń ràn ló dá ọmọbìnrin mi dùbúlẹ̀! Kí ó má baà ràn yín ni mo ṣe ní kí ẹ má wọlé. Ilé ẹran ni mo lọ tẹ́ koríko sí fún yín!"

Jaredi kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. "Ẹ dákun, ìyá, ẹ forí jì mí. Ẹ má torí tèmi lé bàbá yìí."

"Bàbá á sùn níbẹ̀. Ìwọ, lọ bá odò rẹ sùn. Ìwọ àti odò ṣáà ti dọ̀rẹ́."

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ọmọ náà kú. Jaredi ló gbẹ́ ibojì rẹ̀.

"Àìsàn ló pa á," ni Asaheli sọ fún un. "Ọlọ́run kì í tìtorí ìbínú rẹ pa ọmọ ọlọ́mọ."

Jaredi gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Ketura wo ẹsẹ̀ rẹ̀ títí.

Ibà Asaheli lọ, ó padà sójú ọ̀nà. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ó kú láàárín àwọn ọmọ ìjọ tó ń ṣí lọ sí ìwọ̀ oòrùn. Jaredi wàásù títí irun rẹ̀ fi funfun. Wọ́n tìlẹ̀kùn mọ́ ọn níbi púpọ̀, kò sì fọ ẹsẹ̀ lòdì sí ilé kankan mọ́. Ohun tó máa ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ ni pé, "Ẹ wádìí ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kí ẹ tó dájọ́ onílé." Ketura kò wọ ìjọ wọn rárá, ṣùgbọ́n títí ó fi darúgbó, koríko tuntun kò wọ́n nílé ẹran rẹ̀ fún èrò ọ̀nà.