Epo Tí Jẹ́jẹ́ Fi Aṣọ Sẹ́

Ìgbà tí ọkùnrin náà kọ́kọ́ rí obìnrin náà, ojú fèrèsé yàrá ìwádìí ni obìnrin náà dúró sí. Ó gbé ìgò epo kékeré kan sókè sí oòrùn, ó pa ojú kan dé, epo dúdú sì ti ta sí i lórí imú láìmọ̀. Ọkùnrin náà fẹ́ sọ fún un. Kò sọ. Ó gbé ìgò tirẹ̀ sórí tábìlì, ó fi ẹ̀yìn rìn jáde.

Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, torí kò sí ohun tó máa fọwọ́ kàn tí kò ní kọ́kọ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ti lé lọ́mọ ọdún márùndínláàádọ́ta, ìwé mẹ́fà ló kà, kò sì níyàwó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gun àwọn òpó gíga tí afẹ́fẹ́ ń yí apá wọn láti fi pèsè iná, kó bu epo díẹ̀ nínú ẹ̀rọ tó wà lókè, kó gbé e lọ fún obìnrin yẹn ní yàrá ìwádìí. Irin ń ha irin lókè níbẹ̀ láìsinmi. Bó bá ti ń rẹ irin, á máa jẹ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rún rẹ̀ á bọ́ sínú epo. Ẹ̀rún yìí lobìnrin náà ń fi awò wá, kó lè mọ bíárìn, irin roboto tí apá òpó ń yí lórí rẹ̀, tó fẹ́ fọ́ kó tó fọ́.

“Bọ̀dá Jẹ́jẹ́,” obìnrin náà wí lọ́jọ́ kejì, “ṣé epo lẹ bù wá ni, àbí ilẹ̀ lẹ gbá?”

Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó wọ Jẹ́jẹ́ lára. Láti ọjọ́ yẹn, kó tó gbé ìgò lọ, á fi aṣọ funfun kan sẹ́ epo náà títí á fi mọ́ gaara. Wọ́n ti sọ fún un pé irin tó fọ́ lobìnrin náà ń wá. Irin tójú lásán lè rí ló rò. Ìdọ̀tí ló pe èyí tí aṣọ ń gbà. Lójú tirẹ̀, ó dà bí ẹni ń lọ aṣọ kó tó lọ wo àfẹ́sọ́nà.

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi àga lọ̀ ọ́. Ó ní kó wá fojú sí awò. Ó ní epo rẹ̀ ló mọ́ jù, àfi bí ẹni pé ó ń wẹ̀ fún un. Ẹ̀gbọ́n obìnrin náà ọkùnrin, tí òun àti Jẹ́jẹ́ jọ ń gun òpó, tó sì ti dúró bíi bàbá fún un látìgbà tí bàbá wọn ti kú, ń fi Jẹ́jẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé àbúrò òun á hu ewú kí onítọ̀hún tó kan ilẹ̀kùn.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bíárìn òpó keje fọ́. Jẹ́jẹ́ ṣì wà nísàlẹ̀, ó ń so bẹ́líìtì mọ́dìí. Ó gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí eyín kán. Ẹ̀gbọ́n wà lókè, irin sì wó lé e lẹ́sẹ̀. Ní ọsibítù, wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún lókè orúnkún.

Àwọn ọ̀gá ṣí ìwé. Òpó keje, epo mọ́, oṣù mẹ́jọ gbáko. Wọ́n ní obìnrin náà ò wo nǹkan kan, ó kàn ń kọ ọ́ ni. Kó wá jẹ́jọ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Lẹ́yìn ìyẹn, kóòtù. Òun fúnra rẹ̀ gbà wọ́n gbọ́. Ó ń sọ fún Jẹ́jẹ́ pé ojú òun ló gé ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n òun.

Jẹ́jẹ́ délé. Aṣọ tó fi ń sẹ́ epo wà lórí ìṣó, oòrùn sì bọ́ sí i lára. Ẹ̀rún irin ń dán wínníwínní lára rẹ̀ bí ìpẹ́ ẹja. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ìṣáná kan péré ló máa gbà.

Ó ká aṣọ náà sábíyá, ó gbé e lọ sí ọsibítù, ó tẹ́ ẹ sórí itan obìnrin náà níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Obìnrin náà fi ìka ra á.

“Kí lẹ fi ṣe?”

“Mo fi sẹ́ epo.”

“Nítorí kí ni?”

“Kẹ́ ẹ má bàa ní ó dọ̀tí.”

Ẹ̀gbọ́n kọjú sí ògiri. Obìnrin náà dìde, ó gbé aṣọ náà lọ bá àwọn ọ̀gá. Wọ́n dá a láre. Wọ́n lé Jẹ́jẹ́ kọ́sàn-án tó pọ́n.

Ojoojúmọ́ ló ń wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta yàrá Ẹ̀gbọ́n ní ọsibítù. Kò sẹ́ni tó pè é wọlé, òun náà ò sì béèrè. Ó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún kí Ẹ̀gbọ́n tó pariwo orúkọ rẹ̀.

“Mi ò tíì forí jì ẹ́ o.”

“Mo mọ̀, sà.”

“Bóyá ni màá forí jì ẹ́. Ṣùgbọ́n òkè nilé wa, wọ́n sì ti ní kí n máa lọ. Ta ló máa gbé mi?”

Jẹ́jẹ́ pọ̀n ọ́n. Àtẹ̀gùn méjìlélógún, ó ń tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gbé e sórí ibùsùn, ó yíjú àtilọ. Obìnrin náà dúró sẹ́nu ọ̀nà.

“Ohun yòówù kó wà nínú ẹ,” ó wí, “má sẹ́ ẹ kó o tó gbé e wá fún mi. Bó ṣe dúdú tó, gbé e wá bẹ́ẹ̀.”

“Ẹ̀rù ló pọ̀ jù níbẹ̀.”

“Gbé e wá.”



“Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ẹ,” Jẹ́jẹ́ wí, “epo wà lórí imú ẹ. Mi ò lè sọ.”

Obìnrin náà fọwọ́ kan imú, bí ẹni pé epo náà ṣì wà níbẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó súnmọ́ ọn, ó gbé ojú sókè sí i.

“Wò ó dáadáa. Ó kù?”

Jẹ́jẹ́ wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Ó fi àtàǹpàkò nu ibẹ̀.