Fọ́tò Ìbejì Létí Òkun

Ẹnu mi yìí kì í sinmi, gbogbo agboolé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó ló mọ̀. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe àhesọ. Ojú mi ló rí i. Ọwọ́ mi yìí ló kàn án.

Lùkúmọ̀n àbúrò mi ń ya fọ́tò ní Pópó Àgùdà. Bí òkun bá ti ń bínú báyìí, a ò ní rí i nílé mọ́. Ó ti gbé kámẹ́rà, ó di etí òkun. Funfun àti dúdú ló máa ń yà á. Ó ní àwọ̀ ń bo ojú òkun. Èmi a sì fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Ṣé o fẹ́ fi òkun ṣe ìyàwó ni?"

Ọdún tí ogun parí ni òkun yẹn gbé Kẹ́hìndé, ọmọ Hàwáwù ọmọ mi. Ọmọ kékeré. A kò rí òkú rẹ̀. Ó wá ku Táíwò nìkan. Ẹ ṣáà mọ̀ bí a ti ń ṣe é: ìbejì tó kù, wọn a yà á lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan, kí wọ́n lè pé méjì, kí èyí tó lọ má baà wá pe èyí tó kù. Ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ ń ba Hàwáwù nìyẹn. Kò ní ọmọ mìíràn.

Inú ṣọ́ọ̀bù, níwájú aṣọ ìkélé, ni wọ́n ti ń yà á. Lùkúmọ̀n kọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, òkun ń ru lónìí. Ẹ jẹ́ kó wà lẹ́yìn rẹ̀."

"Òkun tó gbé èkejì rẹ̀?"

"Ẹ̀yin náà! Fọ́tò lásán ni."

A lọ. Òjò kò rọ̀. Afẹ́fẹ́ ni, àti ariwo omi. Ó fi páálí bo ìdajì ojú kámẹ́rà, ó ya Táíwò lápá òsì. Ó sún páálí, ó ní kí ó bọ́ sápá ọ̀tún, ó tún yà á. Aṣọ ọmọ náà gbẹ táútáú. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú wálé.

Gílóòbù pupa ló ń tàn nínú yàrá òkùnkùn Lùkúmọ̀n. Ó ń mi ìwé nínú omi oògùn, èmi àti Hàwáwù dúró tì í. Ìgbì ló kọ́kọ́ yọ. Lẹ́yìn náà Táíwò, lápá òsì, pẹ̀lú àpá iwájú orí rẹ̀, èyí tó gbà nígbà tó ṣubú lórí àtẹ̀gùn.

Ọmọ apá ọ̀tún kò ní àpá. Aṣọ lẹ̀ mọ́ ọn lára. Omi ń ro nírun rẹ̀.



Lùkúmọ̀n wá ìṣáná. "Ẹ jẹ́ kí n jó o."

Hàwáwù já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rín ló ń rín. "Bọ̀ọ̀dá, omi ti gbé e. Ṣé iná lẹ tún fẹ́ gbé e fún?"

Ó gbé e kọ́ sókè bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo ń wẹ Táíwò. Irun rẹ̀ ń rùn bí òkun. Mo fi kànìnkànìn nu iwájú orí rẹ̀. Ó jọ̀lọ̀. Mo tún nù ún. Kò sí àpá.

"Táíwò."

"Mà."

Ohùn mi wálẹ̀. "Kẹ́hìndé."

"Mà."

Mo sáré wọ yàrá. Àwọn méjèèjì ṣì wà nínú fọ́tò. Ṣùgbọ́n èyí tó ní àpá ni omi ń ro lára rẹ̀ báyìí. Ó la ẹnu sílẹ̀.

Hàwáwù dúró lẹ́yìn mi. "Màmá, ẹ má wò ó mọ́. Ọmọ ṣáà ń bẹ nílé."

Lónìí, ọmọ náà ti lọ́kọ ní Ìdúmàgbò. Ó ti bímọ. Bí àwọn ọmọ rẹ̀ bá gun ẹsẹ̀ mi, inú mi a dùn, n kò ní purọ́. Fọ́tò ṣì wà lára ògiri. Bí òkun bá ru, ẹ̀yìn rẹ̀ a tutù.

Bí ó bá kí mi, mò ń dáhùn, mò ń súre. "Ọmọ mi" ni mò ń pè é. N kò pe orúkọ rẹ̀ mọ́.