Làpálàpá Tó Ń Padà Wá

Ṣòkòtò oníbàárà tí kò tíì rán tán ni télọ̀ kan fi wé ajá rẹ̀ mọ́ àyà lọ́jọ́ tó sáré wọ ilé ìwòsàn ẹran, téépù tó fi ń wọn aṣọ sì ń mì dirodiro lọ́rùn rẹ̀. Kò wo ojú dókítà obìnrin tó gba ajá lọ́wọ́ rẹ̀.

Dókítà ya irun etí ajá náà wò. Ibẹ̀ ti pá róbótó bí ìdérí ìgò. Ó tu irun díẹ̀, ó fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá yẹ̀ ẹ́ wò.

"Làpálàpá ni, ó sì máa ń ran èèyàn. Ẹ máa fi ọṣẹ yìí wẹ̀ ẹ́, ẹ fi oògùn pa á lára, kí ẹ sì fi omi gbígbóná fọ ohun tó ń sùn lé."

Ìgbà yẹn ni télọ̀ gbójú sókè, tó sì rí i bí dókítà ṣe rẹwà tó.

Láti ọjọ́ náà, ó ń gbé ajá wá kódà nígbà tí wọn ò pè é. Dókítà ní àìsàn ajá ò le tó báyìí. Télọ̀ ní ti ẹni tó ni ín ló le. Kò pẹ́ tí ìfẹ́ fi wọ̀ wọ́n lára.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ fẹ́ra, ìyá télọ̀ ló takú. Ó ní obìnrin tó ń fọwọ́ pa ajá láti àárọ̀ dalẹ́ yóò kó àrùn wọlé, pé ajá ọmọ òun gan-an ò gbọ́dọ̀ dé yàrá òun. Kó wo ajá yẹn sàn ná, kí wọ́n tó bá òun sọ̀rọ̀ ìyàwó.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni làpálàpá náà lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ló padà. Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì nípa ọwọ́ ara rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà á pé òun máa pàdánù ọkùnrin tí òun fẹ́ràn bí ẹyinjú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí télọ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù, dókítà lọ yẹ ilé tí télọ̀ àti ìyá rẹ̀ ń gbé wò, bóyá ibẹ̀ ni àrùn náà ti ń padà. Bí ìyá ṣe ń na omi sí i, apá aṣọ rẹ̀ fà sókè, làpálàpá sì hàn róbótó lápá rẹ̀. Dókítà wo yàrá ìyá: irun ajá kún orí ìrọ̀rí. Tó bá pariwo báyìí, ó ti jàre.

"Màámi," ó rọra sọ, "ó ń yún yín, àbí?"

Ìyá sọ orí kodò. "Tọ́mọ mi bá ti jáde, ajá yìí nìkan ni mo ní. Tó bá wá gbéyàwó lọ ńkọ́?"

Dókítà kúnlẹ̀, ó fi oògùn pa á lápá. Ó ní kó má jẹ́ kí ajá wọ yàrá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, pé òun ò ní sọ fún ẹnì kankan.

Nígbà tí irun ajá hù tán, télọ̀ ń yin oògùn dókítà lójú ìyá rẹ̀. Dókítà kàn ń fọwọ́ pa ajá lórí. Ìyá ò lè mú un mọ́ra mọ́, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, àpá ibẹ̀ ò tíì parẹ́.

"Èmi ni mo ń gbé ajá sùn, tí mo tún ń bú ọmọ ọlọ́mọ. Ó mọ̀, ó sì bò mí láṣìírí." Ó kọjú sí dókítà. "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, ṣé wàá ṣì fẹ́ ẹ?"

Télọ̀ yíjú sí dókítà.

"Màá fẹ́ ẹ, màámi," ni dókítà dáhùn. "Àmọ́ mi ò ní mú un kúrò lọ́dọ̀ yín."