Ìlà Kẹrin

Ẹ wò ó, mi ò kàwé púpọ̀, ẹnu dídùn ni mo sì fi ń jẹun. Bí mo bá fẹ́ purọ́, èyí tó máa mówó wọlé ni mo máa ń pa. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí ò lè mú kọ́bọ̀ wọlé fún mi. Ẹ yáa gbà pé òótọ́ ni.

Láptọ́ọ̀pù àlòkù ni mo ń tà, mo sì ń tún un ṣe. Bí ẹ bá gbé èyí tó ti darúgbó wá, tó ń fà bí ìgbín, màá bá yín yọ ètò ńlá tó ń darí ẹ̀ kúrò, màá fi èyí tó fúyẹ́ sí i. Arúgbó kì í ru ẹrù géndé. Bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé ẹ̀ fún oníbàárà nìyẹn, wọ́n á sì sanwó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá aránṣọ kan wọlé pẹ̀lú ọmọ ẹ̀ obìnrin. Ó gbé láptọ́ọ̀pù kan kalẹ̀.

"Ọkọ mi ló ni ín. Tíṣà ìṣirò ni. Ó ti lé lọ́dún kan tó ti ṣaláìsí."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ọlọ́run á tù yín nínú. Ẹ tà á fún mi, kí n tú u tà ní wẹ́wẹ́."

"Ta ló bá ẹ nájà? Ọ̀la lọmọ mi máa fi ṣe ìdánwò nọ́ọ̀sì. Bí ọ̀la bá bọ́, ó di ọdún tó ń bọ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n yá a ní òmíràn."

Ọmọ náà mi orí. "Ẹ̀gbọ́n, èyí la fi forúkọ sílẹ̀, wọn ò gba òmíràn mọ́. Ìṣẹ́jú kan péré ni wọ́n ń fúnni lórí ìbéèrè kan. Ẹ̀rọ yìí, ìṣẹ́jú mẹ́ta ló fi ń ṣí ojú ewé."

Mo tú ìdí ẹ̀. Dísìkì, ibi tó ń kó gbogbo nǹkan pamọ́ sí, ti ń kú lọ. Mo yọ ọ́ dànù. Ẹ fi èyí sọ́kàn o: kò sí nǹkankan nínú ẹ̀rọ yẹn mọ́. Òfìfo ni.

Mo ki fíláàṣì mi bọ̀ ọ́. Oríṣi Línúùsì mẹ́ta, ètò fífúyẹ́ tí mo sọ yẹn, ni mo fọwọ́ ara mi kó sórí ẹ̀, ọ̀kan fúyẹ́ ju ọ̀kan lọ. Ìlà mẹ́ta ló yẹ kó jáde lójú ẹ̀rọ, kéèyàn wá mú ọ̀kan.

Mẹ́rin ló jáde.

Ìlà kẹrin ò lórúkọ. Funfun lásán, ó gùn bí àwọn yòókù.

Mo fa fíláàṣì yọ. Mo tì í bọ kọ̀ǹpútà tèmi. Mẹ́ta. Mo dá a padà. Mẹ́rin.

Mo tújú ká. Oníbàárà ò gbọ́dọ̀ rí ìbẹ̀rù lójú ẹni, wọ́n á já owó wálẹ̀.

Mo mú àkọ́kọ́. Fáànù inú ẹ̀rọ ń mí gúlegúle bí ẹni tó ń gun òkè. Ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ kí ojú ewé tó ṣí. Mo mú ìkejì. Ìṣẹ́jú méjì. Ìkẹta ló fúyẹ́ jù nínú gbogbo èyí tí mo mọ̀. Ìṣẹ́jú kan ààbọ̀.

"Kò tó," ọmọ náà wí.

"Kí ló wà nísàlẹ̀ yẹn?" ìyá ẹ̀ bi mí.

"Kò sí nǹkankan níbẹ̀, mà."

"Mo ń rí i."

"Èmi náà ń rí i. Èmi kọ́ ni mo fi síbẹ̀."

Mò ń gbọ́ aago ara ògiri.

"Ṣé á ba ẹ̀rọ jẹ́?"

"Mi ò mọ̀, mà." N kì í sọ irú ẹ̀ fún oníbàárà.

Ọmọ náà na ìka. Ó tẹ̀ ẹ́.

Fáànù dákẹ́. Kò rọra dákẹ́ o. Ó dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ. Ojú ẹ̀rọ funfun báláú. Kí n tó ṣẹ́jú, ojú ewé ìdánwò ti ṣí. Mo gbọ́wọ́ lé e. Ó lọ́wọ́ọ́wọ́, bí àga tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí ẹ̀.

Iye tí ìyá náà fún mi ni mo gbà. Mi ò tiẹ̀ nájà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọmọ náà yà lọ́dọ̀ mi. Ó ti yege. Ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, aago ìdánwò yẹn ń dúró."

"Ó ń dúró bíi báwo?"

"Bí ìbéèrè bá rú mi lójú, á dúró. Tí mo bá ti ronú tán, á máa lọ. Wákàtí mẹ́rin ni mo lò. Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n kọ sára èsì mi." Ó wo ilẹ̀. "Ẹnìkan ṣoṣo ló máa ń dúró dè mí báyẹn, tó bá ń kọ́ mi ní ìṣirò."

Ó bá tiẹ̀ lọ.

Mo rántí fíláàṣì mi tí mo fi sílẹ̀ lára ẹ̀rọ wọn. Mo gba ilé wọn lọ, mo kówó dání. Ẹ̀rọ tó lè dá aago dúró, ta ni ò ní rà á?

Ìyá wà nídìí máṣìnnì. Láptọ́ọ̀pù wà lórí àga tó kọjú sí i, ó ṣí sílẹ̀, iná wà lójú ẹ̀. Kò sí wáyà kankan lára ẹ̀.

"Mà, fíláàṣì mi ńkọ́?"

Ó mú un jáde látinú agolo òwú. "Ọjọ́ ìdánwò yẹn gan-an la ti yọ ọ́."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo yẹ ìdí ẹ̀rọ náà wò. Kò sí dísìkì. Kò sí fíláàṣì. Ibi tí bátìrì ń gbé ṣófo, mò ń rí aṣọ àga níbẹ̀.

"Ẹ tà á fún mi, mà." Mo dá iye kan. Ó rẹ́rìn-ín. Mo fi kún un. Mo tún fi kún un.

Ó feyín já òwú. "Mo gbọ́. Èmi kọ́ ni mo ni ín. Bi í."

"Kí n bi ta ni?"

Ó forí júwe àga.

Mo ti nájà lọ́wọ́ alágídí, mo ti ná an lọ́wọ́ olè, mo ti ná an lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe bí ẹni fẹ́ máa lọ. Mo la ẹnu. Iye kankan ò wá síbẹ̀. Ìyá ti dá máṣìnnì dúró. Gbogbo ohun tó wà nínú yàrá yẹn ń retí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ.

Mo dá owó padà sápò.

"Ó dàbọ̀, mà."

Mo dé ẹnu ọ̀nà. Mo yíjú sí àga náà, mo bọ́ fìlà.

"Ó dàbọ̀, sà."