Omi Kakí Lójú Gẹdú

Èmi ni mo fa ọ̀ràn náà, ẹ má wá ẹlòmíràn. Ìtì igi sùgí tí ọkọ mi gbìn kó tó kú wà létí èbúté Aburatsu ní Japan níbí, ó ń dúró de ọkọ̀ òkun tí yóò gbé e lọ sí Ṣáínà. Oòrùn ń pa á. Mo bá gbé ìkòkò omi èso kakí tó ti kan, èyí tí àwọn ìyá wa fi ń kun igi ilé kó má baà jẹrà, mo fi kun ojú ibi tí wọ́n ti gé àwọn ìtì náà. Òórùn rẹ̀ burú ju ìbọ̀sẹ̀ ọkọ mi lọ. Síbẹ̀ mò ń kọrin, mò ń jùdí, bí ẹni ń ṣoore!

Chigusa, ọmọ ọmọ mi, ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń bá àwọn oníṣòwò ṣe ìwé ẹrù fún aṣọ́bodè. Ọ̀gá náà ti ṣèlérí láti gbà á síṣẹ́ tó bá jáde girama. Chigusa ló kọ ọ́ síwèé pé gẹdú ṣákálá ni tiwa, a ò fi nǹkan kan kùn ún. Bó ṣe rí ojú igi tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó káwọ́ lérí.

"Màmá! Kí lẹ fi kun igi?"

"Kakí ni. Kó má baà sán."

"Yéè! Lọ́dọ̀ aṣọ́bodè, ìsọ̀rí gẹdú ṣákálá lọ́tọ̀, ti èyí tí wọ́n fi oògùn kùn lọ́tọ̀. Irọ́ ni mo kọ yẹn o!"

Daigo, ọmọ kíláàsì rẹ̀ tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́, bú sẹ́rìn-ín. "Irọ́ wo? Ju tapólì bò ó, jàre. Tó o bá lọ jẹ́wọ́, ọ̀gá á lé ẹ dànù."

Èmi àgbàyà, mo ti ń fa tapólì! Chigusa gbà á lọ́wọ́ mi.

"Màmá, mi ò mọ̀ nígbà tí mo kọ ti àkọ́kọ́. Irọ́ tí mo mọ̀, mi ò ní pa á."

Ó lọ bá obìnrin aṣọ́bodè tó ń jẹ́ Nagatomo, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún un. Nagatomo tẹ̀ lé e wá. Ó fi imú sún mọ́ igi, ó sì yára fà sẹ́yìn.

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ ṣiṣẹ́ yìí?"

"Èmi òmùgọ̀ ni. Ẹ mú mi, ẹ fi ọmọ sílẹ̀."

"Ara igi ńkọ́? Ẹ kùn ún?"

"Ẹ̀yìn ń ro mí. Ojú nìkan lagbára mi ká."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yìn yín ló yọ yín. Tẹ́ ẹ bá kun igi látòkèdélẹ̀ kó lè pẹ́ láìjẹrà, ìsọ̀rí mìíràn nìyẹn. Ṣùgbọ́n ojú nìkan, kó má baà sán kó tó gúnlẹ̀, gẹdú ṣákálá náà ni." Ó yíjú sí Chigusa. "Mo ti gbóòórùn rẹ̀ láti àárọ̀. Ká ní ẹ bò ó ni, gbogbo ẹrù yìí ni ǹ bá dá dúró."

Mo jókòó gbì. Nígbà tí ọ̀gá Chigusa gbọ́, ó bá a wí pé kò wo igi kó tó kọ̀wé, ó sì ní kó tètè dé ibiṣẹ́ lọ́la.

Ẹ̀yin ọmọ, àṣìṣe ṣeé tún ṣe. Èyí tá a bá bò mọ́lẹ̀ ló ń bani jẹ́. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ ń bá a. Tiwa ì bá má tilẹ̀ kúrò ní èbúté.

Bá a ṣe ń lọ sílé, Daigo họrí. "Chigusa, tí wọ́n bá bi wá ní kíláàsì, ṣé mo lè sọ pé àwa méjèèjì la jọ lọ jẹ́wọ́?"