Ẹ̀wà Inú Kọ́bọ́ọ̀dù

Ìwọ tí o mú ìwé pélébé yìí dání, jọ̀wọ́ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Mo fẹ́ sọ ìtàn ọ̀dọ́mọkùnrin kan fún ọ, tó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ títí tó fi kù díẹ̀ kó gboyè, tí ẹ̀wà agolo mẹ́rin sì tú àṣírí rẹ̀.

Báyọ́lọ́jì ló fẹ́ máa kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Orí rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n kì í gbọ́ ìmọ̀ràn. Bí ènìyàn bá ti lanu láti ṣàlàyé nǹkan fún un, "Mo ti mọ̀" ni yóò fi dáhùn, títí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi sọ ọ́ ní Mo-Ti-Mọ̀. Ó ń lọ sí ilé Ọlọ́run lọ́jọ́ ìsinmi, ó sì mọ orin sórí, ṣùgbọ́n orí ahọ́n ni gbogbo rẹ̀ mọ.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ti ń kọ́ iṣẹ́ náà rán an lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kan láti fi ìkọ́ni dánra wò. Iṣẹ́ tó kẹ́yìn ni pé kí ó gbin ẹ̀wà sínú agolo mẹ́rin nínú láàbù: méjì lójú fèrèsé, méjì nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí a tì pa. Kí ó máa wọn gíga wọn lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá, kí ó sì máa kọ ọ́ sínú ìwé.

Ó gbìn ín lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ṣí kọ́bọ́ọ̀dù náà mọ́. Ó jókòó sí yàrá rẹ̀, ó fi rúlà fa ilà, ó sì kọ iye tó wù ú fún ọjọ́ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ó jẹ́ kí ti ojú fèrèsé ga, ó jẹ́ kí ti inú òkùnkùn kúrú. Ta ni kò mọ̀ pé ohun tí kò rí oòrùn kì í ga?

Ìyá Láàbù, àgbà obìnrin tó ń tọ́jú ibẹ̀, ló ń bá a bomi rin wọ́n. Ó pè é lẹ́ẹ̀kan.

"Tíṣà, ẹ wá wo ẹ̀wà yín nínú kọ́bọ́ọ̀dù o."

"Mo ti mọ̀, Màmá."

Ní ọjọ́ kẹwàá, olùyẹ̀wò dé láti kọ́lẹ́ẹ̀jì, òun àti ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Ó ka ìwé náà, ó sì ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ̀wà inú òkùnkùn ti ga ju ti ojú fèrèsé ní ìlọ́po méjì. Ó funfun, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, gbogbo rẹ̀ sì tẹ̀ síhà ihò kọ́kọ́rọ́.

"Rúlà wo lo fi wọ̀n ọ́n?" ni olùyẹ̀wò béèrè. "Èmi náà fẹ́ ra irú ẹ̀."

Òógùn bo ọ̀dọ́mọkùnrin náà. "Ìyá Láàbù ni, sà. Ó máa ń palẹ̀ mọ́ níbẹ̀. Ó ní láti jẹ́ pé ó pààrọ̀ agolo mi."

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ fa ojú ro. "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kò ní bá wa ṣiṣẹ́ mọ́. Kọ ọ́ sílẹ̀, kó o fọwọ́ sí i. Mo fẹ́ rí i kí agogo ìparí tó lù."

Wọ́n fi í sílẹ̀ pẹ̀lú bébà kan. Bí ó bá fọwọ́ sí i, Ìyá Láàbù, opó tó ti ń fọ ìgò níbẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá, yóò padà sílé lọ́wọ́ òfo. Bí ó bá sọ òtítọ́, ọdún mẹ́ta ẹ̀kọ́ rẹ̀ wọgbó. Iwájú kò ṣeé lọ, ẹ̀yìn kò ṣeé padà sí. Irin wà lójú fèrèsé. Ó rò ó pé ọkàn òun gan-an ni wọ́n fi irin dè. Ó gbìyànjú láti gbàdúrà, orin tó mọ sórí nìkan ló wá sí i lẹ́nu.

Ìyá Láàbù wọlé pẹ̀lú ife omi. Ó gbé agolo kan jáde láti inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé e sójú fèrèsé, ó sì bomi rin ín.

"Wọ́n ti pè mí, mo sì ti gbọ́ ohun tó o sọ," ló wí. "Mi ò bá ẹ jà, ọmọ mi."

"Màmá, ẹ fi í sílẹ̀. Ó ti kú."

"Kò kú. Ìmọ́lẹ̀ ló ń wá kiri. Ìyẹn ló fi ga tó báyìí, agbára rẹ̀ sì ń tán lọ. Bí èmi náà ṣe rí nìyẹn kí Jésù tó rí mi: mo ga lójú ayé, kò sí ẹ̀jẹ̀ lára mi."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti bébà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Kí ni kí n ṣe?"

"Ṣebí o ti mọ̀."

"Rárá, Màmá." Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Mi ò mọ̀. Ẹ sọ fún mi."

Obìnrin náà jókòó tì í. "Ẹ̀bi tó o gbé lé mi lórí yìí, mo lè rù ú, iṣẹ́ lásán ló máa bọ́ lọ́wọ́ mi. Èyí tó wà lọ́kàn ẹ, mi ò lè bá ẹ rù ú. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè rù ú, kò sì ní ẹ̀bi kankan nígbà tó rù ú dé orí àgbélébùú. Ṣílẹ̀kùn fún un."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kúnlẹ̀ láàárín àga láàbù. Àdúrà rẹ̀ kò gùn: "Olúwa, irọ́ ni mo pa. Gbà mí." Ó dìde, ó mú ìwé rẹ̀ àti bébà òfìfo náà, ó gba ọ́fíìsì lọ kí agogo tó lù, ó sì jẹ́wọ́ ohun gbogbo.

Olùyẹ̀wò kò fojú fò ó. Ó ní kí ó tún ọdún náà ṣe látòkèdélẹ̀. Ìyá Láàbù dúró sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà wá kó ẹrù rẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀wà tí Ìyá Láàbù gbé sójú fèrèsé ti ń di àwọ̀ ewé tútù.

Lónìí, olùkọ́ ni. Ní gbogbo ìgbà tó bá gbin ẹ̀wà pẹ̀lú àwọn ọmọ, ohun tó máa ń sọ ni pé, "Mi ò tíì mọ ohun tí a máa rí. Ẹ jẹ́ ká ṣílẹ̀kùn wò."

Ọ̀rẹ́ mi, kí ló wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tìrẹ? Ìwé wo lo ti fi ọwọ́ ara rẹ kọ kún, tí o ń pè é ní ìwà rere? Olùyẹ̀wò kan ń bọ̀ tí kò ní béèrè kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ náà tó dé, Òun kan náà dúró lẹ́nu ọ̀nà báyìí bí Olùgbàlà, pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́. Má sọ fún un pé o ti mọ̀. Ibi tí o jókòó sí yìí náà tó kúnlẹ̀ sí. Ṣílẹ̀kùn fún un lónìí, kí agogo tó lù.